Ìbọwọ́ tàbí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a máa pe handshake ní "ìbọwọ́", ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà méjì máa ń kọ́kọ́ bá ara wọn sọ kí ìsopọ̀ TLS, ìlànà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn púpọ̀, àmọ́ n kò lè gbà á; mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni mo fara mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àmì ohùn ná. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ohun tí a bá kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rí "ibowo" lè kà á sí ìbọ̀wọ̀ tí à ń fún àgbà, ó lè kà á sí ìbọ̀wọ́ tí dókítà ń wọ̀. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn pọ̀ lédè wa, n kò ní torí rẹ̀ nìkan kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìtumọ̀ gan-an ló ń dùn mí.

Bí mo bá bọ ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́jà, ṣé mo máa ń bi í pé ta ló lè jẹ́rìí sí i? Bíbọ ọwọ́ kò ju ìkíni lọ. Ti TLS kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó wá béèrè nǹkan ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, yóò ka ẹ̀yà TLS tó gbọ́ àti ọ̀nà ìpàrokò tó mọ̀. Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá a lóhùn, yóò mú ọ̀kan níbẹ̀, yóò sì kó ìwé-ẹ̀rí (certificate) tó ń fi ẹni tó jẹ́ hàn jáde. Ẹni tó béèrè yóò wo orúkọ inú ìwé náà, yóò wo ọjọ́ tó máa kú, yóò wá wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á sì jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìyí, bíi ti ọjọ́ tí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó kọ́kọ́ jókòó pọ̀ lẹ́yìn tí ìwádìí ti ṣáájú.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni kóòdù Python kan tí mo ń kọ láìpẹ́ yìí, tó yẹ kó máa kó ìròyìn ojú ọjọ́ wá láti ìkànnì kan. Ó kọ̀ jálẹ̀: CERTIFICATE_VERIFY_FAILED, unable to get local issuer certificate, ìyẹn ni pé kò rí ìwé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà. Mo ṣí ìkànnì kan náà nínú aṣàwákiri (browser), ó ṣí wẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo fi openssl s_client, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tí sáfà fi ránṣẹ́ hàn, yẹ̀ ẹ́ wò ni mo rí i pé ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ni sáfà náà ń fi ránṣẹ́, ti ara rẹ̀. Ìwé àárín tó yẹ kó so ó pọ̀ mọ́ gbòǹgbò, ìyẹn àjọ tí gbogbo ìwé-ẹ̀rí náà ti ṣẹ̀ wá, kò sí níbẹ̀. Aṣàwákiri máa ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, tàbí kó ti ní i nípamọ́. Láíbìrì ssl ti Python kì í bá ọ wá a.

Kí ni ìwé àárín yẹn bí kò ṣe alárinà? Àjọ tó wà ní gbòǹgbò, tí kọ̀ǹpútà wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni onígbọ̀wọ́. Ọmọdé tó bá kà á pé "ìbọwọ́ kùnà" yóò lọ máa wò ó bóyá dátà òun ti tán. Ṣùgbọ́n tó bá kà á pé "mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò yọrí, a kò rí alárinà", ó ti mọ ibi tí yóò wá: kí onísáfà lọ fi odindi ẹ̀wọ̀n ìwé-ẹ̀rí sí i.

Ẹnì kan tún ní kí a fi "alárinà" pe ọlọ́ṣà tó ń dúró sáàárín ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé méjèèjì fọkàn tán là ń pè ní alárinà. Ayédèrú àna ni ọlọ́ṣà yẹn. Nítorí rẹ̀ ni Python ṣe ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, láti ẹ̀yà 2.7.9 lọ́dún 2014. Ẹni tó bá sì kọ verify=False (ìyẹn "má yẹ ìwé-ẹ̀rí wò") kí àṣìṣe lè lọ, ó ti gbà láti fa ìyàwó lé ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

Ẹ lè sọ pé bójú bá ti mọjú, alárinà á yẹ̀bá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí! Nínú TLS 1.3, tó jáde lọ́dún 2018, bí ẹ̀rọ méjì bá ti bára wọn sọ̀rọ̀ rí, sáfà lè fún èkejì ní tíkẹ́ẹ̀tì, kó má tún sí ìdí fún ìwé-ẹ̀rí nígbà tí wọ́n bá tún pàdé láìpẹ́.

Àléébù kan wà tí n kò lè fi pa mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, sáfà nìkan ló ń fi ara rẹ̀ hàn, kì í bi ẹni tó wá léèrè ìwé. Ìgbà tí tọ̀túntòsì bá mú ìwé-ẹ̀rí wá nìkan ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ṣé kí a wá gé e sí "mọ̀-mí" fún ti apá kan, kí a fi odindi sílẹ̀ fún ti apá méjèèjì? Kò tíì dún dáadáa létí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olótùú rí, báwo ló ṣe dún létí yín?