Ta ló ti gbé irùngbọ̀n, híjáàbù tàbí ìdè Ifá dé ẹnu ọ̀nà bárékè rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìtokò
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, inú bàbá wa kò sì dùn sí i rárá, kì í ṣe nítorí ogun, bí kò ṣe nítorí irùngbọ̀n tí ọmọ náà ti ń dá sí láti ìgbà tí ó ti ṣe wòlímọ̀. Bàbá ní bí wọ́n bá lè fá a, a jẹ́ pé ó ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ ta owó oṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ aṣọ ìjọba rí, tàbí tí ẹ dàgbà sí bárékè Alámálà ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún wa.

Ajagunfẹ̀yìntì Aṣérò
Ọmọ mi, kí bàbá yín má retí ohun mìíràn: wọn yóò fá a. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́, àárọ̀ kùtùkùtù ni sájẹ́ǹtì wa máa ń tò wá sórí ìlà, tí yóò mú bébà pélébé kan lọ́wọ́, tí yóò sì fi etí rẹ̀ wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí bébà náà bá ti ha irun pẹ́nrẹ́n, ẹni náà yóò padà lọ fá a, lẹ́yìn náà ni yóò wá sáré yí pápá ká. Ẹnì kan wà láàárín wa, ọmọ Kobití ni, tí abẹ kì í bá lára mu. Bí ó bá ti fárùngbọ̀n báyìí, kókó yóò sú bo àgbọ̀n rẹ̀ títí dé ọrùn, àwọn mìíràn á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà bárékè ni ó kọ ìwé fún un pé kí ó máa fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ dípò kí ó máa fi abẹ fá a. Ó ti kọ́kọ́ sọ pé nítorí ẹ̀sìn ni, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ àìsàn ni wọ́n tó gbọ́.
Síbẹ̀, kí ẹ má rò pé kò sí ẹ̀sìn nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ológun ní àlùfáà fún àwọn Kátólíìkì, ó ní fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ó sì ní Lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí. Aṣọ ológun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, wọ́n sì ní ipò bíi tiwa. A kírun Jímọ̀, a sì gba ààwẹ̀ pẹ̀lú ìbọn léjìká.

Ìyàwó Sájẹ́ǹtì
Òótọ́ pátápátá ni bàbá sọ. Ọkọ mi ṣì máa ń fárùngbọ̀n lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì.

Ìyá Abdul-Lateef, Láfẹ́nwá
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n ni àwọn ènìyàn máa ń gbé sókè, wọn kì í sì í rántí àwa obìnrin. Inú àjọ ìjọba kan tí ó ní aṣọ iṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní àràárọ̀, bí mo bá dé gáréèjì, mo máa ń lọ sí ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tí ìyá oníbúrẹ́dì ń tà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni n ó ti yọ pín-ìnnì lábẹ́ àgbọ̀n mi, tí n ó tú híjáàbù mi, tí n ó ká a mẹ́rin, tí n ó fi í sínú ọ̀rá dúdú, kí n tó gbé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, fìlà iṣẹ́ wa, lé orí. Bí mo bá ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ kan náà ni n ó ti tún un wé. Ìyá oníbúrẹ́dì kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń fi ara rẹ̀ dí mi lójú àwọn oníkẹ̀kẹ́.
Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi tẹ̀ lé mi jáde, ó sì rí mi. Kò bi mí ní ohunkóhun. Alẹ́ ni ó tó lọ bá bàbá rẹ̀, tí ó ń bi í bóyá Màmá kì í ṣe Mùsùlùmí ní ọ̀sán. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbà ní oṣù Kẹta 2022 pé obìnrin lè wé ìborí sábẹ́ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, mo mú fọ́tò tí wọ́n gbé jáde lọ bá ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó ní ti ọlọ́pàá ni ìyẹn, kò kan àjọ tiwa.

Àbíkẹ́ Sápọ̀n
Ìbéèrè ọmọ yẹn gún mi lọ́kàn.

Ìyàwó Sájẹ́ǹtì
Kí Ọlọ́run bù kún ìyá oníbúrẹ́dì yẹn, ẹ bá mi kí i.

Díákónì Ìbarà
Mo bá yín kẹ́dùn, Ìyá Abdul-Lateef, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ bí àjọ náà ṣe ń múra kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Iṣẹ́ ológun kì í ṣe iṣẹ́ báńkì. Ohun tí aṣọ kan náà wà fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹ̀sìn ẹni tí ó dúró tì í lójú ogun. Bí a bá gba híjáàbù lónìí, a óò gba sùtánà lọ́la, níbo ni a óò wá dúró sí?

Arábìnrin Ọ̀bàntokò
Díákónì, Kristẹni bíi tiyín ni mí, n kò sì gbà pẹ̀lú yín. Ìjọ wa kò fàyè gba kí obìnrin wọ ṣòkòtò, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa obìnrin ni ó sì ti sunkún nítorí aṣọ àgùnbánirọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abùjá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2025, ó sì sọ pé fífi ipá mú obìnrin wọ ṣòkòtò nígbà tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ ọ́ lòdì sí òfin. Kristẹni ni àwọn tí wọ́n pe ẹjọ́ náà. Ohun tí a bèèrè fún ara wa kò yẹ kí a fi du ẹlòmíràn.

Díákónì Ìbarà
Àgùnbánirọ̀ kì í ṣe sójà, arábìnrin.

Àgbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó
Ẹ̀yin méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sin ohun tí ó wù ú, kí ó sì fi í hàn nínú ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú, ètò àwùjọ tàbí ìlera, bí ìdínkù náà bá tọ́ ní àwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa. Ibi tí ìjà wà gan-an nìyẹn: ẹni tí ó ń dín ẹ̀tọ́ kù ni ó yẹ kí ó sọ ìdí rẹ̀. Pé bí a ṣe ń ṣe é láti ayé Òyìnbó nìyí kì í ṣe ìdí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí sí Adátán kí ó tó dé ibí, jẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì dá irùngbọ̀n sí pẹ̀lú ìwé àṣẹ nítorí pé Mùsùlùmí ni. Kí ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí i gbà. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbí dá ẹjọ́ Simcha Goldman, rábì Júù kan tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun òfurufú, tí kò fẹ́ ṣí fìlà pélébé orí rẹ̀. Adájọ́ márùn-ún kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mẹ́rin sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn aṣòfin ṣe òfin pé ọmọ ogun lè wọ ohun ẹ̀sìn tí ó bá mọ́ níwọ̀n, bí kò bá ti dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 2009, wọ́n gba dókítà ẹlẹ́sìn Sikh kan (ẹ̀sìn Íńdíà tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ kì í gé irun), Kamaljeet Singh Kalsi, láàyè láti wé láwàní kí ó sì dá irùngbọ̀n sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni wọ́n tó gbé agbára láti fún ni ní irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ lé àwọn ọ̀gá bùrìgéèdì lọ́wọ́, híjáàbù náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2025, olórí iṣẹ́ ogun wọn, Pete Hegseth, kéde pé òun kò fẹ́ irùngbọ̀n mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ti balẹ̀.

Díákónì Ìbarà
Ìbòjú tí a fi ń dènà gáàsì olóró ńkọ́? Kò lè lẹ̀ mọ́ irun. Bí afẹ́fẹ́ búburú bá gba ibẹ̀ wọlé, ikú ni, ẹ̀sìn kò sì dá gáàsì dúró.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas
Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni ẹ bèèrè, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ ogun Sikh tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé wọ yàrá gáàsì pẹ̀lú irùngbọ̀n wọn níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìbòjú náà sì mú wọn lójú dáadáa. Bí ewu gáàsì bá sì wà ní tòótọ́ níbi tí wọ́n ń rán ọmọ ogun lọ, ọ̀gá lè dá ìwé àṣẹ náà dúró.

Ọmọ-ọmọ Bọ́mà
Bàbá tí ó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lórí àga wọn ní Ìtòkú ni pé àwọn ará Íńdíà kan wà níbẹ̀ tí wọn kò dé akoto irin, tí ó jẹ́ pé láwàní ni wọ́n wé wọ ojú ìbọn, Òyìnbó kan náà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wa ní páréèdì kò sì dá wọn dúró. Láwàní kò dá ìjà dúró nígbà náà.

Ajagunfẹ̀yìntì Aṣérò
Mo fara mọ́ Ọmọ-ọmọ Bọ́mà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún òfin irùngbọ̀n lọ́wọ́ wọn pàápàá ti gbà láti oṣù Kẹta 2024 kí sójà wọn dá irùngbọ̀n sí, bí ó bá ti gé e tí ó sì mọ́. Bí ohun tí wọ́n fún wa bá ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fún wa, ó yẹ kí a tún un wò.

Ọmọ Awo Ìjẹmọ̀
Gbogbo yín ń sọ Mùsùlùmí, ẹ ń sọ Kristẹni, ẹ ń sọ Júù àti ará Íńdíà. Ta ni ó rántí àwa oníṣẹ̀ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ pẹ̀lú ìdè Ifá ní ọrùn ọwọ́ òsì. Olùkọ́ wọn pè é ní oògùn, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú sì fọ́n ká sábẹ́ ibùsùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fi àgbélébùú kọ́rùn lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì wà lórí ìlà kan náà, wọ́n ní kí ó kàn tì í sínú ni. Bàbá Aṣérò sọ pé ẹ̀ka àlùfáà mẹ́ta wà. Èwo nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá ké sí?

Díákónì Ìbarà
Èyí kò dára. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda àgbélébùú, kí wọ́n yọ̀ǹda ìdè náà bákan náà. Mo gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀.

Ìyá Dàda, Kútọ̀
Ẹ má gbàgbé dàda o. Orí ni àwọn ọmọ mìíràn ti mú un wá láti ọ̀run.

Àbíkẹ́ Sápọ̀n
Ìyá Dàda, kì í ṣe ẹ̀sìn ni dàda. Ọmọ Mùsùlùmí lè ní dàda, ọmọ pásítọ̀ náà lè ní dàda.

Ọmọ Awo Ìjẹmọ̀
Ìṣẹ̀ṣe ni, ẹ̀gbọ́n. A kì í fá a láìṣe ètùtù, ìyẹn ni ẹ̀sìn fún ẹni tí ó bá gbà á gbọ́.

Díákónì Ìbarà
Ìyá Abdul-Lateef, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà?

Ìyá Abdul-Lateef, Láfẹ́nwá
Mo wà níbẹ̀, sà. Mo ti ya fọ́tò ara mi níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìborí dúdú kékeré lábẹ́ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè rí i pé kò bo àmì ipò tàbí orúkọ ní àyà mi. Mo fẹ́ fi í mọ́ lẹ́tà.

Àgbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó
Ẹ kọ ọ́ gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ fo orí rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń bèèrè ní pàtó, àwọ̀ ìborí náà àti bí ó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì mẹ́nu ba abala 38. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún yín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.