Ọkùnrin tó ń bínú ṣáá: ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni?

Àjàní_Ọ̀kín:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, Amẹ́ríkà ló ń gbé, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Láti bí oṣù mẹ́ta, ohun kékeré ti ń bí i nínú. Oorun rẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́rin lọ, iṣẹ́ ló ń gbájú mọ́ látàárọ̀ dalẹ́, ọtí rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá bi í pé ṣé kò sí, á ní kò sí nǹkan kan. Ṣé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn (depression) lèyí? Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Ó lè jẹ́ òun. Ẹkún làwọn èèyàn ń retí, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìbínú, ọtí, ẹ̀yìn ríro, orí fífọ́ àti iṣẹ́ àṣejù ló ń bá yọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sherman James pe kéèyàn máa fi agídí ṣiṣẹ́ borí ìyà ní "John Henryism", ó sì rí i pé ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn láàárín àwọn èèyàn dúdú tí ọwọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu.

Ẹ ní kó dáhùn ìwé PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò. Ìbéèrè 9 ni, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 27 lọ. Tó bá tó 10, kó lọ rí dókítà. Tó bá tó 20, ọ̀rọ̀ ti le. Tí ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó dá lórí ikú, kì í bá ṣe 0, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́. Ibi tó ti ń tanni jẹ rèé: ìwé náà kò béèrè ìbínú, kò béèrè ọtí. Ọkùnrin lè gba 7 péré kí nǹkan sì ti dàrú fún un. Kó sọ méjèèjì fún dókítà fúnra rẹ̀. Tó bá ń hanrun, kí wọ́n yẹ mímí rẹ̀ wò lójú oorun, torí àìróorunsùn nìkan lè sọ èèyàn di oníbìínú.

Bàbá Àlàó:
Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ẹ má fi òwe yẹn lù ú lórí o! Ẹ má jókòó kọjú sí i bí ọlọ́pàá. Inú mọ́tò tàbí ibi tẹ́ ẹ ti jọ ń rìn ló dáa. Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sọ: "Mo rí i pé o kì í sùn mọ́ láti oṣù tó kọjá." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má ní "pe mí tó o bá nílò mi", kò ní pè. Ẹ ní "Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin, màá gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà".

Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, 988, nọ́ńbà ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń ronú láti pa ara rẹ̀, ni kẹ́ ẹ pè tàbí kẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń dáhùn. Tí ìbọn bá wà nílé, ẹ kó o kúrò nítòsí rẹ̀ kíá.

Adéwùmí_L:
Ẹ má bú u tó bá ń fura sí ilé ìwòsàn. Láti 1932 dé 1972 ni àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi wo àwọn ọkùnrin dúdú bí 600 níran ní Tuskegee, Alabama. 399 lára wọn ní syphilis, ìyẹn àrùn ìbálòpọ̀ kan, wọn ò sì fún wọn ní penicillin kódà lẹ́yìn tó ti di oògùn rẹ̀. Títí dòní, wọ́n tètè máa ń sọ pé schizophrenia (àrùn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí) ló ń ṣe aláwọ̀ dúdú níbi tó ti jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Tí wọ́n bá dárúkọ àrùn náà, kó bi wọ́n pé: "Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì?"

Tí wọ́n bá fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Èébì àti inú rírun máa ń ṣáájú ìtura, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́ nù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kó má dá a dúró lójijì, òòyì á kọ́ ọ.

Àjàní_Ọ̀kín:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tó bá wá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Ẹ má dárúkọ ọkàn rárá nígbà náà. Ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kẹ́ ẹ sì bá a lọ. Kó tó wọlé, ẹ kọ wákàtí tó ń sùn àti iye ìgò ọtí tó ń mu lọ́sẹ̀ sórí ìwé kan, kó fi lé dókítà lọ́wọ́. Kò ní láti la ẹnu sọ ọ́.