Kí ló dé tí IsNumeric fi ń fo sẹ́ẹ̀lì tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Kóòdù tí mo fi VBA, èdè kóòdù inú Excel, kọ máa ń gba òpó C kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fi IsNumeric, àṣẹ VBA tó ń sọ bóyá nǹkan jẹ́ nọ́ńbà, yẹ .Value (ohun tó wà nínú) sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò, bí ó bá sì jẹ́ nọ́ńbà ni yóò tó rò ó mọ́ owó tó wà nílẹ̀. Ó wá ń fo C14, bẹ́ẹ̀ 45000 ni a tẹ̀ síbẹ̀, ISNUMBER, fọ́múlà orí ìwé náà tó ń ṣe irú àyẹ̀wò kan náà, sì ń sọ pé TRUE (bẹ́ẹ̀ ni) ni. Ohun tí mo kàn rí ni pé 15/03/2023 ló ń hàn lójú sẹ́ẹ̀lì náà. Ṣé ìrísí lásán lè yí èsì kóòdù padà ni?

Aṣírò Owó, Kàdúná
Ó lè yí i padà, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Excel pè ní 1, tí ó ń ka ọjọ́ lọ láti ibẹ̀, 45000 sì bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ rí yẹn. Ẹnìkan ti fún C14 ní ìrísí déètì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú rẹ̀ kò yẹ̀, ìdí nìyẹn tí ISNUMBER fi gbà á. .Value ní tirẹ̀ a máa wo ìrísí kí ó tó fèsì: bí ó bá rí ti déètì, irú Date ni yóò gbé fún kóòdù, IsNumeric kì í sì í ka Date kún nọ́ńbà. Ẹ lo .Value2, tí kì í wo ìrísí déètì tàbí ti owó. Ẹ má sì lọ sídìí .Text, torí ohun tí ojú rí ló ń kà. Bí òpó bá há jù fún nọ́ńbà, ##### ni yóò kó fún yín.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Zaria
Ọ̀rọ̀ .Value2 tọ̀nà, ṣùgbọ́n IsNumeric fúnra rẹ̀ ni n kò fọkàn tán. Sẹ́ẹ̀lì òfìfo, yóò ní nọ́ńbà ni. Sẹ́ẹ̀lì tí a ti fún ní ìrísí Text kí a tó tẹ 8500 sí i, yóò tún ní nọ́ńbà ni, nígbà tí SUM, fọ́múlà ìròpọ̀ Excel, kò ní kà á rárá. Èyí burú ju ti déètì lọ, nítorí pé ohun tí a tọ́jú gan-an ti di ọ̀rọ̀, yíyí ìrísí padà nìkan kò sì lè wò ó sàn. Bí kóòdù bá kàn gbé .Value2 irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ko ti sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí nọ́ńbà 120000 wà nínú rẹ̀, 8500 ni VBA yóò pè ní èyí tó pọ̀ jù, nítorí lójú rẹ̀ ọ̀rọ̀ ga ju nọ́ńbà lọ. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí, kí ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí nọ́ńbà gidi (vbDouble) wà nínú rẹ̀ nìkan ni yóò kọjá:

If VarType(c.Value2) = vbDouble Then

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Kubwa
Ẹ ṣeun púpọ̀. C14 ti wọlé, àmọ́ C21 àti C30 ló kù síta báyìí, Text sì ni àwọn méjèèjì. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Zaria
Ẹ yí ìrísí wọn sí General, lẹ́yìn náà kí kóòdù kọ ohun tó wà nínú wọn padà sí ojú kan náà: c.Value2 = c.Value2. Wọn yóò di nọ́ńbà. Kí ó mọ sí òpó C o. Nọ́ńbà àkáǹtì àti ti fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní Text, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo iwájú wọn yóò sọnù.