Ṣé Júù ni Ábúráhámù, àbí Hébérù?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Àríyànjiyàn kan wà ní kíláàsì wa. Àwọn kan ní Júù ni Ábúráhámù, àwọn kan ní Hébérù ni. Jẹ́nẹ́sísì 14:13 pè é ní Hébérù lóòótọ́, àmọ́ Pọ́ọ̀lù jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹsẹ Bíbélì tí mo lè kà sí wọn létí.

Abẹ́tùpà: Hébérù ni. Ara Júdà ni orúkọ Júù ti jáde, ọmọ Jákọ́bù sì ni Júdà, Jákọ́bù jẹ́ ọmọ Ísákì, Ísákì jẹ́ ọmọ Ábúráhámù. Kò sí Júù kankan láyé nígbà tí Ábúráhámù fi Úrì sílẹ̀.

Ní ti Hébérù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa wò. Ìyàwó Pótífárì ló fi pe Jósẹ́fù (Jẹ́nẹ́sísì 39:14). Ọmọbìnrin Fáráò ló ṣí apẹ̀rẹ̀, tó sì sọ pé ọmọ Hébérù ni Mósè (Ẹ́kísódù 2:6). Àwọn Fílístínì ló ń pe àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bẹ́ẹ̀ lójú ogun (1 Sámúẹ́lì 4:6). Bí ọmọ Hébérù bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àlejò ló sábà máa ń bá sọ̀rọ̀, bíi Jónà àti àwọn awakọ̀ òkun (Jónà 1:9). Láàárín ara wọn, ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n ń jẹ́, nítorí Ísírẹ́lì ni orúkọ tí Ọlọ́run sọ Jákọ́bù.

Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ Ébérì baba ńlá Ábúráhámù ni Hébérù ti wá (Jẹ́nẹ́sísì 10:21), àwọn mìíràn ní ó túmọ̀ sí ẹni tó sọdá odò. Ẹ má kàn gbà bí ẹnikẹ́ni bá ní Hébérù ni àwọn Habiru inú lẹ́tà Amarna ti Íjíbítì, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1350 ṣáájú ìbí Jésù. Onírúurú ènìyàn tí kò nílẹ̀, tí kò sì lọ́ba, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ọmọ Àkàwé: Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú Sólómọ́nì, ní nǹkan bí 930 ṣáájú ìbí Jésù, ìjọba pín sí méjì: ẹ̀yà mẹ́wàá lọ sí àríwá, wọ́n ń jẹ́ Ísírẹ́lì, Júdà àti Bẹ́ńjámínì dúró sí gúúsù. Yehudi, ìyẹn ará Júdà, ni wọ́n ń pe àwọn ti gúúsù; òun la ń pè ní Júù. 2 Àwọn Ọba 16:6 ni ó ti kọ́kọ́ jáde.

Ásíríà kó Samáríà ní 722, Bábílónì sì wó Jerúsálẹ́mù ní 586. Àwọn ará Júdà ni wọ́n kó lẹ́rú lọ Bábílónì, àwọn náà ló padà wálé lábẹ́ Páṣíà, sí ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Yehud. Láti ìgbà náà, ẹ̀yà yòówù kí ènìyàn ti wá, Júù ni. Ẹ ka Ẹ́sítérì 2:5: Júù ni wọ́n pe Mọ́dékáì, ẹsẹ kan náà sì ní ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni. Nígbà tí ẹ bá dé 8:17, àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn ti ń di Júù. Orúkọ ilẹ̀ ti di orúkọ ẹ̀sìn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Jeremáyà 34:9, níbi tí orúkọ méjèèjì ti pàdé. Nebukadinésárì ń gbógun ti Jerúsálẹ́mù, Sedekáyà ọba wá bá àwọn ènìyàn dá májẹ̀mú pé kí olúkúlùkù tú ẹrú rẹ̀ tó jẹ́ Hébérù sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi Júù arákùnrin rẹ̀ ṣẹrú mọ́. Òfin àtijọ́ ló ní Hébérù: ẹrú á sìn fún ọdún 6, á sì lọ lómìnira ní ọdún keje (Ẹ́kísódù 21:2). Júù ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dùn mí pé wọ́n tún kó àwọn ẹrú náà padà ní ẹsẹ 11.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: Ẹ ṣeun gan-an ni. Pọ́ọ̀lù ńkọ́?

Abẹ́tùpà: Júù ará Tásù ni (Ìṣe 21:39), ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì sì ni. Bó ṣe ní òun jẹ́ Hébérù ọmọ Hébérù nínú Fílípì 3:5, ohun tó ń sọ ni pé ìdílé òun kò fi èdè àti àṣà baba wọn sílẹ̀. Ẹ wo Ìṣe 6:1, níbi tí wọ́n ti ń ṣàròyé nípa oúnjẹ àwọn opó: Júù ni àwọn Hébérù ibẹ̀, Júù náà ni àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì.

Ọmọ Àkàwé: Ẹ fi èyí kún un fún wọn. Àlejò lè di Júù títí dòní: nínú ìlànà àwọn Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn tó rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọkùnrin á dá abẹ́, tọkùnrin tobìnrin á sì ri ara wọn bọ inú omi míkfè, ìyẹn omi ìwẹ̀nùmọ́, pátápátá. Kò sí ìlànà kankan tí ènìyàn fi ń di Hébérù. Ẹ má sì da ọmọ Ísírẹ́lì inú Bíbélì pọ̀ mọ́ aráàlú Ísírẹ́lì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, torí Mùsùlùmí àti Kristẹni wà lára aráàlú náà.