Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣiṣẹ́? Máòsì ti fẹ́ ba ọwọ́ mi jẹ́

Atẹ̀wé Ṣàngó:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn wò ó kí ẹ kọjá. Sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí yunifásítì níbí n'Ìbàdàn, project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń tẹ̀ jù, tó bá wá di àsìkò defense báyìí ẹ ò ní rí ibi jókòó sí, oníkálukú á mú flash tiẹ̀ dání, "Àǹtí ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́rin ni supervisor ní kí n mú un wá". Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti wà nídìí ẹ̀, mo mọ̀wé tẹ̀ dáadáa, lẹ́tà ò dà mí láàmú, àmọ́ gbogbo nǹkan yòókù máòsì ni mo fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúdú, máòsì. Mo fẹ́ kọ́pì, máòsì. Mo fẹ́ débi tí ìwé parí sí, màá máa yí táyà kékeré orí ẹ̀ yẹn títí. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ ló ń ro mí tó bá ti dalẹ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá mi ò lè rokà fáwọn ọmọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ wa, máòsì tiẹ̀ bàjẹ́, mo ní iṣẹ́ ti parí fún un nìyẹn, ọmọ yẹn ò tiẹ̀ wojú ẹnì kankan, ìka ẹ̀ kàn ń sáré lórí kíbọ́ọ̀dù ni, kí n tó mọ̀ ó ti tẹ̀ ẹ́ tán ó ti prínǹtì. Mo wá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, list tí mo rí lé lọ́gọ́rùn-ún, mo kọ mẹ́wàá sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́ mo ti gbàgbé méje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lò ó, báwo ló ṣe mọ́ yín lọ́wọ́? Èwo ló sì wúlò fún irú iṣẹ́ tèmi? Windows 10 la ní, Word 2016.

Ìyá Ẹ̀kọ́ṣẹ́:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, Ọlọ́run á tu ọwọ́ náà lára. Jẹ́ kí dókítà wò ó o, má dúró dìgbà tí kò bá ṣeé gbé mọ́.

Da list yẹn nù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, mi ò tíì rí ẹni tó fi list mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí: mú bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́la, gbogbo ìgbà tó o bá na ọwọ́ sí máòsì, kọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe, fa igi kan sí i. Tó bá dalẹ́, mẹ́ta tí igi ẹ̀ pọ̀ jù, àwọn yẹn ni wàá kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mẹ́ta péré. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ monitor. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ o máa lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má bínú, má padà sẹ́yìn.

Mo ti mọ díẹ̀ nínú ohun tó máa wà lórí bébà rẹ. Kọ́pì ni Ctrl+C, ìyẹn ni pé kóo di Ctrl mú kóo tẹ C, gé e kúrò ni Ctrl+X, lẹ̀ ẹ́ ni Ctrl+V, èyí tó o bá ṣe tí kò dáa Ctrl+Z á dá a padà. Wo bí Z, X, C, V ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nísàlẹ̀ lápá òsì, ọwọ́ òsì nìkan tó o, ọwọ́ ọ̀tún tó ń ro ẹ́ yẹn á sinmi. Nílé iṣẹ́ Xerox ní California ni Larry Tesler àtẹnìkejì ẹ̀ ti gbé ọgbọ́n gé-e-kóo-lẹ̀-ẹ́ yìí jáde láàárín 1973 sí 1976, nítorí pé scissors àti gọ́ọ̀mù gidi làwọn tó ń tún ìwé ṣe fi ń gé bébà nígbà yẹn.

Ti project gan-an wá ńkọ́? Ctrl+2 ló ń fún láìnì láàyè méjì, Ctrl+5 ní ẹyọ kan àtààbọ̀, Ctrl+1 á kó o jọ. Ctrl+J á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gún. Ctrl+Home ló ń gbéni lọ síbẹ̀rẹ̀, Ctrl+End síparí, táyà máòsì yẹn ti di ìtàn. Shift+F3 á sọ lẹ́tà kékeré di ńlá láìtún un tẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa rèé. Mo mọ̀ pé tí chapter two bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńtà, ẹ́ńtà, ẹ́ńtà lo máa ń tẹ̀ títí á fi bọ́ sójú ìwé tuntun. Supervisor á wá ní kí wọ́n fi paragraph kan kún chapter one, gbogbo ẹ̀ á ṣí kúrò níbi tó wà, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ́ńtà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ctrl+Enter lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ibi yòówù kí chapter one parí sí, chapter two á bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé tiẹ̀. Àkọlé orí kọ̀ọ̀kan náà, Ctrl+Alt+1, àwọn kéékèèké abẹ́ ẹ̀ Ctrl+Alt+2, tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tó o sì mú Table of Contents nínú References, Word fúnra ẹ̀ á tò ó, tí nǹkan bá yí padà tẹ kọ́sọ̀ síbẹ̀ kóo tẹ F9. Àwọn tó ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan ń fìyà jẹra wọn ni.

Bọ̀dá Excel:
Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Ẹ fi Ctrl+S kún un àmọ́, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ dé ìparí paragraph kí ìka yín lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, iná táwọn èèyàn yìí ń mú lọ ò ní sọ fún yín kó tó lọ.

Ẹ tẹ Windows+V náà wò, á ní kẹ́ ẹ tàn án lákọ̀ọ́kọ́. Látìgbà náà, ohun tẹ́ ẹ bá kọ́pì á máa tò jọ síbẹ̀, ó lè gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ wá mú èyí tó wù yín. Fún references tẹ́ ẹ ń kó látinú fáìlì mẹ́ta mẹ́rin, kò sí ohun tó dà bíi ẹ̀.

Ctrl+H ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Òun ló ń wá ọ̀rọ̀ tó sì ń fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ níbi gbogbo. Èmi fẹ́ sọ Ife di Ilé-Ifẹ̀ nínú ìwé ẹnì kan, mo tẹ Replace All, àfi bí mo ṣe rí i pé gbogbo life àti wife inú ìwé ló ti dàrú. Ctrl+Z ló gbà mí. Ẹ kọ́kọ́ máàkì ibi tó ní whole words only.

Olólùfẹ́ Èdè:
Ẹ kú àpérò o. Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba Yorùbá títẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni máòsì ti ń jẹ àkókò jù, ká lọ sí Insert, ká lọ sí Symbol, nítorí ọ kan ṣoṣo.

Nínú Word, tẹ 1ECD kóo tẹ Alt+X, á di ọ. 1EB9 ni ẹ, 1E63 ni ṣ. Fún á, Ctrl pẹ̀lú àmì ' lẹ́yìn náà a. Fún à, Ctrl pẹ̀lú ` lẹ́yìn náà a. Fún ọ́, tẹ ọ tán, tẹ 0301 kóo tẹ Alt+X. Ọ̀ ni 0300. Tó bá jẹ́ b tàbí d ló ṣáájú ṣá o, Word á kà á mọ́ nọ́ńbà yẹn, nǹkan á sì dàrú, nítorí náà èmi ti fi bọ́tìnnì Shortcut Key tó wà nínú Symbol yan Alt+O fún ọ, Alt+E fún ẹ, Alt+S fún ṣ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà mí, ó ti tọ́dún mélòó kan báyìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kí n tó mọ èyí mo tẹ ìwé ìsìnkú kan láìfàmì sí i torí pé wọ́n ń kán mi lójú. Ìyàwó olóògbé kọ "ọkọ mi ọ̀wọ́n" wá, ohun tó jáde lára ìwé ni "oko mi owon". Ìyá yẹn ò bá mi jà. Ó kàn mú ìwé náà dání, ó ń wò ó.

Atẹ̀wé Ṣàngó:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Mo ṣe ti bébà yẹn lánàá, igi mọ́kànlélógójì ni mo fà fún kọ́pì nìkan kó tó di ọ̀sán! Mo ti fi Ctrl+Enter àti Ctrl+Alt+1 to project ọmọ kan, table of contents jáde fúnra ẹ̀, mo pe ọ̀gá mi kó wá wò ó. Àmọ́ mo gbé e sórí laptop ọmọ náà, mo tẹ F9, kò ṣe nǹkan kan, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ sí i ni. Kí ló fà á?

Ìyá Ẹ̀kọ́ṣẹ́:
Di Fn mú kóo tó tẹ F9. Ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ctrl.