Ta ni "borrow" ti kó bá rí? Ẹ wá sọ tiyín

ÌyáÌbejì Tákìé:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi dé láti iléèwé lánàá, ó ní kí n má sọ "borrow me" mọ́, pé tíṣà àwọn ní "lend me" ni. Mo ní ṣé torí kó o lè máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe ni mo ṣe ń san owó iléèwé? Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ta ni borrow yìí ti kó bá rí, yálà lọ́jà, níbi iṣẹ́ tàbí lókè òkun?

Ọmọ Jagun:
Borrow me ₦2,000 kí n fi ronú sí i.

ÌyáÌbejì Tákìé:
Ọmọ Jagun, o ò ní í yí padà láéláé.

Tíṣà Àgbà:
Tíṣà ọmọ yẹn ò purọ́. Ẹni tí nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń lend, ẹni tó ń gbà á ló ń borrow. Àwa ò ní méjì, yá kan ṣoṣo la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. "Mo yá Àdìó lówó." "Mo yá owó lọ́wọ́ Àdìó." Lọ́wọ́ ìkejì yẹn ló jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ọmọ tó bá wá gbé yá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, borrow ló máa bá níbẹ̀, á sì máa lò ó síwá sẹ́yìn.

Under G Finest:
Ẹ fi gírámà sílẹ̀ ná. Nígbà tí mo wà ní 200 level, ọmọkùnrin kan ní yàrá kejì kan ilẹ̀kùn mi: "Please borrow me your pot." Ìkòkò kan ṣoṣo tí mo ní láyé mi. Ọmọrí ẹ̀ ò ní ìdìmú mọ́, kọ́ọ̀kì ìgò ni mo fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Ọbẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Ó ní kò burú, òun á bá mi gbé e bẹ́ẹ̀. Títí di òní.

Sọlá Wàásù:
Pẹ̀lú ọbẹ̀!!!

Ọmọ Jagun:
Ìyẹn kì í ṣe borrow, kì í ṣe lend. Ọlọ́pàá ní orúkọ tó ń pè é.

Adé Stadium:
Dúró ná. Ọmọrí tó ní kọ́ọ̀kì? Ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì?

Under G Finest:
Báwo lo ṣe mọ̀???

Adé Stadium:
Ìbéèrè lásán ni.

Sọlá Wàásù:
Ẹ di bọ̀dá yìí mú o.

Ọmọ Alhája:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni wọ́n wà níbí, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀ torí àwọn ọmọ wọn ń ka ibí yìí. Lọ́dún kan tí kájù wọ̀lú, owó ẹgbẹ́ ò tó kó ọjà, màmá bá yọ 50,000 fún wọn. Akọ̀wé wọn nígbà náà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé, kọ ọ́ sínú ìwé pé: Alhaja borrowed the society 50,000. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n tú ká.

Wọ́n wá yan olóyè tuntun. Àwọn yẹn yẹ ìwé wò, ni wọ́n bá gba ilé wa wá pé ẹgbẹ́ fẹ́ mọ ìgbà tí Alhája máa san gbèsè tí wọ́n jẹ. Màmá ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ tún un kà." Ọkùnrin náà tún un kà. "Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá." Ó ní, "Alhája yá 50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́." Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Àwa ọmọ bá dìde lọ sẹ́yìnkùlé, torí a mọ ohun tó ń bọ̀.

ÌyáÌbejì Tákìé:
Ẹ̀wẹ̀! Má dákẹ́ síbẹ̀ o.

Kọ̀ngbà:
Mi ò gbà á gbọ́. Kò sí rìsíìtì ni?

Ọmọ Alhája:
Rìsíìtì kẹ̀? Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ ẹbí? Ohun tó yọ màmá ni jọ́tà tí wọ́n máa ń ní kí àbúrò wọn bá wọn kọ nǹkan sí. "Mo yá ẹgbẹ́ ní 50,000", ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó kà á fún ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí akọ̀wé àtijọ́ ní Ìlọrin, ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ohun tí òun ní lọ́kàn ni pé Alhája ló ni owó. Wọ́n san án o, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n fi san án tán, ohun tí 50,000 ń rà tẹ́lẹ̀, kò lè rà á mọ́.

Sọlá Wàásù:
Inú ń bí mi bí ẹni pé ìyá tèmi ni.

Kọ̀ngbà:
Ẹ̀bi akọ̀wé ni. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó má kọ ọ́.

Ọmọ Alhája:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé ọjọ́ yẹn ló gbọ́ ọ yé. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni kò yé.

Àdùkẹ́ Akẹ́sán:
Ìbéèrè tèmi ni pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ oníkájù? Òyìnbó mélòó ló wà níbẹ̀? Ní Ọ̀yọ́ níbí, Yorùbá ni ẹgbẹ́ ìyá mi fi ń kọ ìwé wọn.

Kọ̀ngbà:
Tí ẹ bá fẹ́ gba owó ní báńkì, Yorùbá yẹn ni ẹ máa gbé lọ?

Àdùkẹ́ Akẹ́sán:
Ọjọ́ tí a bá ń lọ báńkì, a ó wá ẹni tó máa bá wa kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ò ní ká fi bá ara wa jà.

Ọmọ Ajílété ní Leeds:
Ẹ máa wò ó o. Leeds ni mo wà. Òyìnbó pọ́ńbélé, ọmọ onílẹ̀, wá bá mi níbi iṣẹ́: "Can I lend your pen?" Mo rò pé etí mi ni. Ó tún un sọ. Lend ló ń pè níbi tí borrow yẹ kó wà! Wọ́n pọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Òmíràn á ní "give us a lend of it", òun nìkan ló sì dá dúró.

Tíṣà Àgbà:
Àwọn tí kò parí iléèwé nìyẹn.

Ọmọ Ajílété ní Leeds:
Máníjà wa ni, sà.

Ọmọ Jagun:
😂😂😂 Tíṣà, ẹ gba bíírò pupa yín lọ sí Leeds.

Káyọ̀dé J:
Jámánì ni mo wà ní tèmi. Leihen ni wọ́n ń lò, ẹni tó fún ẹ ń leihen, ìwọ tó gbà á náà ń leihen. Borgen náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Bíi yá wa gan-an. Kò sẹ́ni tó ń nà wọ́n nítorí ẹ̀.

Bàbá Òkè Ẹlẹ́rìn:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní Yorùbá ò ní méjì? Nígbà tí a wà ní kékeré, a kì í yá owó. Wíwín là ń wín in. "Wín mi ní sílè méjì." Aṣọ, àdá, kẹ̀kẹ́, ìyẹn là ń yá, torí òun gan-an lo máa dá padà. Owó tó o gbà, o ti ná an, òmíràn lo máa fi san án. Iṣu àti àgbàdo náà, wíwín ni. Òyìnbó ń wo ibi tí nǹkan ń lọ, àwa ń wo ohun tó máa padà wá.

ÌyáÌbejì Tákìé:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo gbọ́ wín lẹ́nu ìyá ìyá mi, mi ò mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí yá.

Kọ̀ngbà:
Bàbá, mo tọrọ gáfárà. Òwe wá ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Owó ni ẹgbàafà, yá sì ló wà níbẹ̀.

Bàbá Òkè Ẹlẹ́rìn:
Òwe náà ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ.

Sọlá Wàásù:
Ha! 😂

Ọmọ Sẹ́mínárì:
Ẹ jẹ́ ká lọ wo Bowen, òyìnbó míṣọ́nnárì yẹn. 1855 ló dé Ògbómọ̀ṣọ́, 1858 ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde. Ìlú wa níbí ló ti gbọ́ èdè yìí lẹ́nu àwọn baba wa.

Àdùkẹ́ Akẹ́sán:
Crowther ti gbé tiẹ̀ jáde ní 1843 kí Bowen yín tó mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ tiwa sì ni.

Ìsẹ́yìn Gidi:
Tiyín báwo? Òṣogùn ni wọ́n bí Crowther. Ọ̀dọ̀ wa ni Òṣogùn wà.

Àdùkẹ́ Akẹ́sán:
Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni gbogbo yín wà nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká jà.

Ìsẹ́yìn Gidi:
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Jagun:
Borrow tí a kọ́ nínú ìṣirò ńkọ́? Ẹ yọ mẹ́jọ nínú méjìlélógún, ẹ ní kí n borrow one lọ́dọ̀ aládùúgbò. Láti pírámárì títí di òní, ta ló dá ọ̀kan yẹn padà?

Tíṣà Àgbà:
Ìdí nìyẹn tí o fi ń wá ₦2,000.

Under G Finest:
Adé Stadium, mo ti wọ inbox rẹ. Dá mi lóhùn.

Adé Stadium:
Ìyàwó mi ló ń lò ó báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ra tuntun fún yín.