"Seine" tó jẹ́ odò àti "seine" tó jẹ́ àwọ̀n: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Àgbádárìgì)

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti jẹ mí lówó láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé ni mo ní, kò jìnnà sí Màrínà. Baba kan gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn apẹja wá, ojú ìwé 14, ọwọ́ ló fi kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀. "Beach seine" ló kún inú rẹ̀. Èmi tí mo wo ayẹyẹ ìṣíde Òlíḿpíìkì lọ́dún 2024, tí wọ́n kó àwọn eléré sínú ọkọ̀ lórí odò Seine ní Paris, tí òjò ń pa wọ́n, mo ní ha, mo mọ èyí! Mo sọ gbogbo "s" ibẹ̀ di ńlá. Ibi tó bá ti dá dúró, mo fi "River" ṣáájú rẹ̀. "Purse seine" nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, torí mi ò mọ ohun tí pọ́ọ̀sì ń wá lódò.

Baba ka ojú ìwé kejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀: "Màdáámù, ta ló ní kí apẹja Àgbádárìgì máa fa odò àwọn Faransé wá sétí òkun?" Ó ní òun ò ní sanwó àfi tí mo bá tún un tẹ̀. Bébà mi ṣòfò báyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ara odò yẹn ni àwọ̀n náà ti gba orúkọ ni? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ odò ọ̀hún gan-an lédè Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Apẹja

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Baba yẹn jàre. Èyí tí wọ́n ń fà létí òkun wa níbí ni "beach seine". Wọ́n á fi orí okùn kan sílẹ̀ fún àwọn tó wà lórí iyanrìn, ọkọ̀ á gbé àwọ̀n jáde, á rìn yípo, á sì mú okùn kejì padà wá. Òkè àwọ̀n ń léfòó, òjé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá dúró bí ògiri nínú omi. Ìhà méjì ni wọ́n á ti máa fà á, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú orin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tó bá ṣáà ti di okùn mú kò ní lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

"Purse seine" ní okùn nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fà pọ̀ mọ́ ẹja, bí ẹni ń fún ẹnu àpò. Pọ́ọ̀sì yín rèé.

Ará Sẹ̀mẹ̀

Mi ò gbà. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe àwọ̀n náà ní "senne", bí wọ́n ṣe ń pe odò náà ló ṣe ń dún. Àwọn ló ni méjèèjì.

Tíṣà Faransé (Ajárá)

Ará Sẹ̀mẹ̀, à ń kọ́ ilé, à ń kọ́ ọmọ, à ń kọ́ aṣọ sára ìṣó. Ta ló ní ilé bí aṣọ?

"Sagēnē" ni àwọn Gíríìkì ń pe àwọ̀n náà, àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di "sagena". Òun ló wà nínú Mátíù 13:47, níbi tí Jésù ti fi ìjọba ọ̀run wé àwọ̀n tí a sọ sínú òkun. Odò ní tirẹ̀, Sequana ni àwọn ará Róòmù ń pè é. Sequana yìí kan náà ni òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń bọ ní orísun rẹ̀, ní agbègbè Dijon. Àwọn aláìsàn máa ń gbé ère igi lọ fún un, tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tàbí orí, ẹ̀yà ara tó bá ń dùn wọ́n. Wọ́n rí ère idẹ rẹ̀ níbẹ̀: ó dúró nínú ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ orí pẹ́pẹ́yẹ. (Ọ̀ṣun á kí i bí ojúlùmọ̀.)

Ìyá Kọ̀ǹpútà, "S" ńlá ni ti odò, "the" sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀: "the Seine", bí ẹ ṣe ń kọ "the Niger". Bí ẹ bá fẹ́ "River", àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣáájú, bí àwa ṣe ń sọ pé Odò Ògùn. Ẹ̀yìn ni àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń fi í sí. "S" kékeré ni ti àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì bíi "sane".

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Àgbádárìgì)

Ẹ ṣé o. Mo yọ gbogbo "River", mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo "S" ti Seine di kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Baba ti padà wá. Ó tún bọ́ awò ojú. Lójú ìwé 13, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlú Rouen lòun ti kọ́ṣẹ́, létí odò Seine.